Orí Mi ni Wọ́n Yà, Kì í Ṣe Orí Kẹ́hìndé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tí mo ti fi iná sórí òrùlé, tí mo ń díbọ́n pé mo ń sùn. N kò lè díbọ́n mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ léraléra débi pé n kò lè pa á mọ́ra mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló mú mi kọ̀wé. Ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àyà mi ń lù bíi ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ ka èsì ìdánwò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, ní ọsibítù, mo máa jókòó ti obìnrin kan tí mo ṣẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé mo ṣẹ òun. N kò mọ ohun tó yẹ kí n sọ fún un. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí.

Táíyé ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ̀wé, tí mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Kẹ́hìndé, ẹnì kejì mi, tíṣà ni. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà. Ojú kan náà la ní. Ìyá tó bí wa gan-an, tí a bá dákẹ́, ó máa ń ṣì wá pè. Ohùn wa nìkan ló yàtọ̀. Tirẹ̀ tutù, tèmi le bí ẹni tó ń pe ọlọ́kọ̀.

Ọwọ́ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára Kẹ́hìndé. Ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń kọ̀wé sójú pátákó. A rò pé àárẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ahọ́n rẹ̀ ń wúwo, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wá, kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í rẹ́rìn-ín. A ti ọsibítù dé ọsibítù kí a tó bá dókítà obìnrin kan pàdé tó mọ ohun tó ń wò. Mo máa pè é ní Dókítà Bùkọ́lá, torí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní àwọn okùn tínín-tínín kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ lọ bá iṣan ọwọ́, ti ẹsẹ̀ àti ti ahọ́n. Àwọn okùn yẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀ lára Kẹ́hìndé. Bí okùn bá ti kú, iṣan kì í gbọ́ ìròyìn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Èyí tó wà lè mú kó rọra rìn, kò lè dá a dúró.

Ó wá sọ fún wa pé òun ń darí ìwádìí kan. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú orí tọ ipa àìsàn náà. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á ya orí aláìsàn, wọ́n á gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á wọn ibi tó ti fẹ́lẹ́ sí i nínú ọpọlọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn máa ń wò ni bóyá ẹni náà ṣì lè di bọ́tìnnì, bóyá ó ṣì lè gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó fi hàn, nǹkan ti jìnnà nínú orí. Àwòrán lè tètè sọ ọ́. Ó sì lè sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Kẹ́hìndé tọwọ́ bọ ìwé. Èmi ni mo bá a mú bírò dání.

Àwòrán àkọ́kọ́ lọ geere. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road ni wọ́n ti yà á. Kẹ́hìndé jáde, ó ní ariwo ẹ̀rọ náà dà bí ìgbà tí àwọn kápẹ́ńtà ń kan òrùlé síni lórí.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni nǹkan dojú rú. Ẹni tí wọ́n bá ń yà gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ nínú ihò ẹ̀rọ náà, kò sì gbọ́dọ̀ mira. Itọ́ há Kẹ́hìndé lọ́fun. Wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kan sí i lọ́wọ́ pé kó tẹ̀ ẹ́ tí nǹkan bá ń ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó. Kí ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà, ojú rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n sáré fà á jáde, àmọ́ wọ́n ti rí àwòrán tó tó wọ̀n yà kí itọ́ tó há a. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún wa.

Nínú takisí tí a wọ̀ padà sílé, Kẹ́hìndé di ọwọ́ mi mú. "Táíyé, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Bá mi sọ fún wọn."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí mo ṣe rò ó. Mo rò pé tí kò bá yàwòrán mọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí. Tí wọ́n bá yọ ọ́, dókítà kò ní máa rí i lóṣooṣù mọ́, oògùn tí a kì í rí rà nígboro á bọ́ lọ́wọ́ wa, obìnrin tó ń bá a na ẹsẹ̀ na ọwọ́ kò ní wá mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo ro ó, tí mo sì gbà á gbọ́.

Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀, pé ó ní méjì tí wọ́n ti yà ti tó, àwọn á kàn máa wọ̀n ọ́n lọ. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo wọ híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ òfuurufú, mo mú káàdì rẹ̀, mo wọ takisí láti Agbowó lọ sí Ring Road. Ara mi yá gágá. Ẹ má bínú sí mi, òtítọ́ ni mo ń sọ. Àtìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sí ohun kan tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe fún Kẹ́hìndé ju kí n máa wò ó lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ṣe.

Ọkùnrin ẹ̀rọ rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màdáàmù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bẹ̀rù o. A ti wá ìrọ̀rí tó ga sílẹ̀ nítorí yín, ẹsẹ̀ la ó sì so bọ́ọ̀lù mọ́ lónìí."

Mo fẹ́ dáhùn. Mo wá rántí pé Kẹ́hìndé ni mí. Mo wọ́ ahọ́n mi nílẹ̀, mo ní, "Ẹ... ṣé... gan-an." Mo fa ọ̀rọ̀ bó ṣe ń fà á. Mo jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún mi rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló ń tì mí lójú jù. Àwọn ọmọ kíláàsì sín in jẹ torí pé ọmọdé ni wọ́n. Èmi?

Wọ́n tì mí wọ inú ẹ̀rọ. Ó ń lù gbà-gbà-gbà, ó tún ń kùn bí oyin, àyà mi ń lù lé e. Ogójì ìṣẹ́jú. N kò mira. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú pé mo ti gba ẹnì kejì mi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà Bùkọ́lá ni. Ohùn rẹ̀ ga.

"Àǹtí Táíyé, ṣé ẹ lè wá báyìí? Ẹ kọ́kọ́ dá wá. Mo fẹ́ kí ẹ wo nǹkan."

N kò ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dáadáa tí mo fi sáré jáde. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Àwòrán orí méjì wà níbẹ̀, funfun òun eérú, pẹ̀lú ìlà pupa tí wọ́n fi ń wọn nǹkan.

"Ẹ wo ibí. Ibí ni ọpọlọ ti ń rán ọwọ́ níṣẹ́. Nínú àwòrán kejì, ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ wá wo tuntun." Ó ń fi ìka gbá ojú kọ̀ǹpútà. "Ó nípọn! Ó nípọn, Àǹtí Táíyé! Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní ká má tíì yọ̀ jù, pé ẹ̀rọ lè ṣi nǹkan wọ̀n, pé ọwọ́ Kẹ́hìndé gan-an kò tíì fi hàn pé nǹkan yí padà. Ó ní ká dúró de àwòrán kẹrin. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán yinrin.

Orí mi ni mo ń wò. Mo mọ̀ pé orí mi ni. Síbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, ayọ̀ gbé mi. Fún bí ìṣẹ́jú kan, mo gbàgbé. Ayọ̀ dókítà ràn mí bí ìgbà tí iná bá ran koríko. Mo kígbe "Alihamudulilahi!" Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. A dì mọ́ra, èmi àti dókítà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Ẹnu mi là, àdúrà ló jáde.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, dókítà rọra sọ fún Kẹ́hìndé pé àwòrán rẹ̀ dára ju bí òun ṣe rò lọ. Kẹ́hìndé rò pé méjì àkọ́kọ́ yẹn ló ń sọ. Ó wò mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá wa gbọ́ ọ nílé, ó forí kanlẹ̀ lórí ẹní àdúrà rẹ̀, kò tètè dìde. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó fi sàárà ránṣẹ́ sí mọ́sálááṣí, ó ní kí ááfà kéde pé ọmọ òun ti ń bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé wọn?

Ohun tí mo bà jẹ́ kò tíì yé mi nígbà náà. Ṣáájú, dókítà ti ní kí Kẹ́hìndé máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú fóònù lójoojúmọ́, nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì gbọ́ràn. Orúkọ àwọn ènìyàn, ìkíni, àdúrà, ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́, á tẹ fóònù, ohùn tirẹ̀ á sì sọ ọ́. Ó ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ìròyìn ayọ̀ yẹn, ó dá a dúró. Ó ní, "Kí ni mo ń tọ́jú ohùn sí, bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò? Ṣé wọn ò ní mo ń bọ̀ sípò?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ahọ́n rẹ̀ ń wúwo sí i lójoojúmọ́, èmi ń bá a rẹ́rìn-ín.

Àsìkò àwòrán kẹrin tó. Mo tún lọ. N kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kí Kẹ́hìndé lọ, gbogbo rẹ̀ á tú. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà tún jáde dáadáa.

Dókítà kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ní ara ń sọ ohun kan, àwòrán ń sọ òmíràn, pé bóyá ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń sàn kí ọwọ́ tó mọ̀. Ó ti kọ̀wé sí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìròyìn náà rìn dé yàrá tí a ti ń dúró de dókítà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Màmá Dùgbẹ̀. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn, torí Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ọkọ wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Àìsàn kan náà ló ń ṣe bàbá náà, kò sì lè dá dìde mọ́. Màmá kúnlẹ̀ síwájú mi, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Mo sáré gbé wọn dìde.

"Ẹ̀jìrẹ́, ọmọ mi, wọ́n ní ti ẹnì kejì rẹ ti ń yí padà. Jọ̀ọ́, kí lẹ ń fún un jẹ?"

Kẹ́hìndé ti wọlé sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Gbogbo àwọn tó jókòó ló yíjú sí mi. Ara mi gbóná. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń wò mí. Ọlọ́run ló rí mi. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹja tútù ni, Mà. Ẹja Ẹlẹ́yẹlé. Ní gbogbo ọjọ́."

A kì í jẹ ẹja Ẹlẹ́yẹlé nílé wa. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Màmá tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti rù. Bàbá ń wúkọ́ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọn. Màmá sọ fún mi pé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àwọn ń lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ní kùtùkùtù, láti lọ dúró de àwọn apẹja létí omi. Wọ́n ní egungun ẹja há bàbá lọ́fun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó di ọsibítù, díẹ̀ ló kù. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Àmọ́ a ò ní jáwọ́, ọmọ mi. Tó bá ti ṣe é fún ẹnì kejì rẹ, á ṣe é fún tèmi náà."

N kò jókòó mọ́. Mo dìde, mo já wọ yàrá dókítà láì kan ìlẹ̀kùn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń kọ nǹkan; Kẹ́hìndé ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì.

Mo ní, "Dókítà, orí mi ni. Kì í ṣe orí Kẹ́hìndé. Èmi ni mo sùn síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo rò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, híjáàbù, ahọ́n tí mo wọ́ nílẹ̀, gbogbo ẹ̀. Kò pariwo. Ó ṣí àwọn àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹni tó ń bá mi wọn àwòrán sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìṣẹ́po ọpọlọ yẹn, bó ṣe ká lé ara rẹ̀, kò bá ti àkọ́kọ́ mu, pé ó dà bí orí ẹlòmíràn. Mo bínú sí i. Mo ní kó lọ tún un wọ̀n." Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló sọ fún mi pé àwọn máa lé ẹni tí kò bá lè yàwòrán. Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Ó wà nínú ìwé tí ẹ bá a mú bírò dání kọ. Ojú ewé kejì. Ẹni tó bá fẹ́ lè dá àwòrán dúró nígbàkigbà, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yí padà."

Ìwé títẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Ìwé oníwèé ni mo ń kà láràárọ̀. N kò ka ìyẹn.

Ó ní òun máa pa àwòrán méjèèjì rẹ́, torí ẹni tó ni orí kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun máa sọ fún gbogbo àwọn aláìsàn àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ òun pé ìròyìn yẹn kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún Kẹ́hìndé. "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí o."

Mo sọ fún un ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí Ìyá wa lọ sọ́jà Bódìjà. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Bí mo ṣe dé ibi híjáàbù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dáwọ́ dúró. Àìsàn yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín tàbí ẹkún á bọ́ lẹ́nu ẹni láìṣe pé ó wù ú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín tirẹ̀ ni tàbí ti àìsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún, títí tí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó mú fóònù, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi gba ohùn sílẹ̀."

Mo ní kó lo tèmi. Mo ní màá gbà á sílẹ̀ fún un, màá jẹ́ kó tutù bíi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bí mo ṣe tún fẹ́ ṣe ohun kan náà!

Kò tẹ fóònù mọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó wúwo, àmọ́ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Rárá. Ohùn tèmi ni mo fẹ́, bó ti wù kó rí."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Oúnjẹ tí mo bá gbé wá, ó ń dúró de Ìyá wa kó tó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ó pè mí wọlé. Ó ní kí n bá òun pe dókítà, pé òun fẹ́ yàwòrán. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní òun mọ̀ pé kò pọn dandan. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rí ọjọ́ yẹn! Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n so bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n pín àwòrán náà sí kéékèèké kó lè máa sinmi láàárín. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo bọ́ yẹtí, mo bọ́ òrùka, wọ́n fi nǹkan dí mi létí, mo di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ ń lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù lọ́wọ́ mi. Lẹ́ẹ̀kan ó wúkọ́, wọ́n fà á jáde, ó ní kí wọ́n tún ti òun padà. Nígbà tó parí, ó gbé àtàǹpàkò òsì sókè. Mo hó bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọkùnrin ẹ̀rọ náà ní, "Màdáàmù, ẹ rọra, ẹ̀ ń pariwo ju ẹ̀rọ wa lọ." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà. Ó wo èmi, ó wo Kẹ́hìndé, ó mi orí títí.

Dókítà bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n ya tèmi náà, lẹ́yìn tí mo bá ti ka ìwé. Ó ní àṣẹ láti máa ya àwọn tí ara wọn le ti dé, ìbejì tí àìsàn yìí ń ṣe ọ̀kan, tí ara èkejì sì le, sì ṣọ̀wọ́n. Mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó fọwọ́ sí i. Orúkọ mi ni mo kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a lọ wo èsì. Àìsàn náà ti tẹ̀síwájú. Kò dúró. Ṣùgbọ́n dókítà ní ó rọra rìn ju bí òun ṣe ń bẹ̀rù lọ, àti pé ibi tó fẹ́lẹ́ jù ni ibi tó ń rán ọwọ́ ọ̀tún níṣẹ́, ti ahọ́n kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Kẹ́hìndé tètè padà sídìí ohùn gbígbà sílẹ̀, àkókò ṣì wà díẹ̀. Kẹ́hìndé wo orí tirẹ̀ àti tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìṣẹ́po wọn kò jọra rárá. Ó tọ́ka sí tirẹ̀. "Èyí ló rẹwà jù." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìròyìn burúkú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún wa. Àtìgbà náà, a ń gba ohùn sílẹ̀ láràárọ̀, èmi ni mo ń di fóònù mú. Ó ti dárí jì mí, tàbí kí n sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa ni kò tíì dárí jì mí. Ó ní mo jẹ́ kí òun parọ́ ní mọ́sálááṣí.

Ó ku Màmá Dùgbẹ̀.

Dókítà ti sọ fún wọn pé àwòrán yẹn kì í ṣe òótọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀. Mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí n tó gbé e.

"Ẹ̀jìrẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti já ìwọ náà kulẹ̀. Má sunkún o, ṣó o gbọ́? Ẹ̀rọ wọn ló parọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fún bàbá ní ẹja mọ́, pé dókítà ní egungun léwu fún ọ̀fun wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dókítà tí ẹ̀rọ rẹ̀ parọ́? Ìwọ lo sọ òtítọ́ fún mi, ọmọ mi."

Láàárọ̀ òní, wọ́n fi ẹja ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé nínú ọ̀rá. Ó ṣì tutù.

Kẹ́hìndé ní kí n sọ fún wọn, pé òun á jókòó tì mí. Ìyá wa ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìrètí nìkan ló kù fún obìnrin náà, tí mo bá gba ìyẹn, kí ni màá fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á gégùn-ún fún mi lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ̀yin tí ẹ ti parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àlàmísì tó pé. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wo ojú ìyá arúgbó, kó sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló parọ́?